Kí Eyín Tó Dun Ọmọ Ni Kí Á Ti Ṣàájò Rẹ̀



Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀bá títì tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà òwúrọ̀, ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé, ẹ ó rí ohun kan tí ó ti di àṣà láàárín àwa ìyá tí ń gbé Ajah, Badore, Langbasa àti Sangotedo. Ọkọ̀ a tò lọ súà bí ìjàlọ, kò ní í síwájú, kò ní í sẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ọmọ kan tàbí méjì a jókòó sẹ́yìn nínú aṣọ ilé-ìwé, oorun a ṣì wà lójú wọn. Ọwọ́ kan a mú bisikíìtì, ọwọ́ kejì a mú omi èso inú páálí. Wọn a bu bisikíìtì jẹ díẹ̀, wọn a fa omi èso mu díẹ̀, wọn a sùn, wọn a jí, wọn a tún fà á mu. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ń kiri ọjà láàárín títì a gbé gálà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti midinmíìdìn wá sí ẹnu fèrèsé ọkọ̀. Ìyá a rà á, nítorí kí ọmọ má baà sunkún dé ilé.

Èmi pàápàá wà nínú irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé àti oúnjẹ. Mo lè ka àwọn èròjà tí ń ṣe ara lóore lórí láì ṣí ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí àkọ́bí mi pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó jí ní òru ọjọ́ kan, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń ké. Mo tan iná, mo ní kí ó la ẹnu, mo sì rí ihò dúdú méjì nínú eyín ẹ̀yìn tí mo rò pé mo ń fọ̀ fún un láràárọ̀. Dókítà eyín tí ó yọ ọ̀kan nínú wọn kò bá mi wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mi: “Màmá, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ìgbà mélòó ni ohun dídùn ń wọ ẹnu ọmọ yìí?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka. Nígbà tí mo kà á dé mẹ́sàn-án, mo dákẹ́.

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù yín bi ara rẹ̀ lónìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn ilé ẹnìkan ni. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2022 lórí ìlera ẹnu, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó tó 514 mílíọ̀nù ọmọdé ní gbogbo ayé tí eyín àkọ́hù wọn ń kẹ̀.

Ẹnu tí kì í sinmi

Àwọn baba wa ń pe àrùn yìí ní àkokoro tàbí kòkòrò eyín, wọ́n sì gbà pé ìdin kan ni ó ń jẹ eyín láti inú wá. Kòkòrò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ojú lásán lè rí. Ẹnu gbogbo wa ni àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ń gbé; èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn tí ń ba eyín jẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Streptococcus mutans. Inú ìdọ̀tí tí ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí ahọ́n wa máa ń bá pàdé ní ìdájí, ni ibùgbé wọn. Bí ṣúgà bá ti kàn wọ́n lára, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yìí ni ó ń yọ́ ìbòrí funfun tí ó wà lára eyín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó le tó ìbòrí náà ní gbogbo ara ènìyàn, egungun pàápàá kò tó o.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò fi eyín sílẹ̀ láìní alágbàtà. Itọ́ ẹnu ni ó ń fọ omi kíkan náà dànù, òun ni ó sì ń dá èròjà líle tí eyín ti pàdánù padà fún un. Iṣẹ́ yìí máa ń gba itọ́ tó ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí ó jẹ bisikíìtì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ, tí ó sì mu omi lé e, ẹ̀ẹ̀kan ni ó kọlu eyín rẹ̀. Ọmọ tí ó ń bu bisikíìtì márùn-ún yẹn jẹ láti Ajah títí dé ilé-ìwé ní Ikate, bí wákàtí méjì gbáko ni eyín rẹ̀ fi wà nínú omi kíkan, itọ́ kò sì ráyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bisikíìtì kan náà ni, ìyá kan náà ni ó rà á, ṣùgbọ́n ìpalára rẹ̀ kò dọ́gba. Bí ṣúgà ti ń wọ ẹnu léraléra ń ba eyín jẹ́ bí púpọ̀ rẹ̀ ti ń bà á jẹ́.

Èyí kò wí pé kí á má wo bí ó ti pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó ní bíi gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100. Bí ẹ bá ṣí ìgò tí ó gba 50 sẹ̀ǹtílítà, síbí ìpo-tíì 12 ṣúgà ni ẹ ṣí yẹn. Omi èso inú páálí àti ọtí málìtì tí a ń pè ní oúnjẹ aṣaralóore kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti là á sílẹ̀ ní 2015 pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ṣe kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ ojúmọ́, àti pé bí ó bá lè dín sí ìdajì èyí, yóò dára jù. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, èyí kò ju nǹkan bíi síbí ìpo-tíì mẹ́jọ lọ ní ọjọ́ kan, kí ó sì jẹ́ mẹ́rin bí ó bá ṣe é ṣe. Ìgò kan ṣoṣo ti kọjá rẹ̀.

Àmì àkọ́kọ́ tí eyín máa ń fi hàn nígbà tí ó bá ń kẹ̀ kì í ṣe ìrora, kì í sì í ṣe ihò. Àbàwọ́n funfun ràkọ̀ràkọ̀, bí ẹfun, ni ó máa ń yọ lẹ́bàá erìgì. Ní àkókò yìí, ó ṣì lè padà sí ipò bí a bá dín ohun dídùn kù, tí a sì ń fọ eyín bí ó ti yẹ. Bí a kò bá kíyè sí i, a di pupa rẹ́súrẹ́sú, a di dúdú, a di ihò. Nígbà tí ihò náà bá kan iṣan tí ó wà ní ọkàn eyín ni ọmọ yóò tó ké. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé ọmọ sí ojú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ sì wo eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn dáadáa.

“Ṣebí yóò yọ náà ni?”

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá nìyí, èmi náà sì ti sọ ọ́ rí. Lóòótọ́, eyín ogún tí ọmọ kọ́kọ́ hù yóò yọ. A óò sì ju wọ́n sórí òrùlé gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí wa ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn eyín ẹ̀yìn nínú wọn kì í yọ títí ọmọ yóò fi tó ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Eyín tí ó bá kẹ̀ ní ọdún mẹ́rin yóò dun ọmọ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó yọ: kò ní í jẹun yó, kò ní í sùn dáadáa, kò sì ní í lè fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ ṣáájú àkókò, àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a fì sí àyè náà, eyín àgbà tí ń bọ̀ lẹ́yìn a sì hù wọ́gọwọ̀gọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ̀. Nígbà tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà, eyín àgbà mẹ́rin a hù ní ẹ̀yìn pátápátá, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Nítorí pé eyín kankan kò yọ kí wọ́n tó hù, a máa ń rò pé eyín ọmọdé ni wọ́n. Ìwọ̀nyí ni a óò fi jẹ ẹran títí di ọjọ́ ogbó, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn wọn. Ẹ bá mi ṣọ́ wọn gidigidi.

Eyín híhù kì í ṣe àìsàn

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ọmọ ti máa ń hu eyín, tí yóò sì pé ogún kí ó tó pé ọdún mẹ́ta. Bí ti òkè bá ṣáájú ti ìsàlẹ̀, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Kì í ṣe àmì ibi, kò sì gbọdọ̀ sọ ìyá tàbí ọmọ di ẹni àpèwò. Itọ́ a máa dà lẹ́nu ọmọ, erìgì rẹ̀ a wú díẹ̀, a máa fẹ́ gé nǹkan jẹ, a sì máa kanra. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà líle, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì kì í ṣe iṣẹ́ eyín. Ní oṣù kan náà tí eyín ń hù ni ààbò tí ọmọ gbà láti ara ìyá rẹ̀ ń dín kù, òun náà sì ni ìgbà tí ó ń fi gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà sẹ́nu. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà ẹ̀fọn àti àwọn àrùn mìíràn.

Àwa ará Èkó kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2008. Ní ọdún náà, oògùn olómi kan tí a ń pè ní My Pikin, tí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú yìí ń ṣe fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín, ni a rí pé diethylene glycol wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe májèlé tí a máa ń lò nínú omi tí ń mú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tutù. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kéré tán, ọmọ 84 ni ó kú kí àjọ NAFDAC tó kó oògùn náà kúrò lórí àtẹ pátápátá. Ìfẹ́ ni àwọn ìyá wọn fi rà á. Wọ́n fẹ́ fi oògùn wo ohun tí kì í ṣe àìsàn. Ohun tí erìgì ọmọ tí ń wú nílò ni kí ìyá fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ó fi ìka ra á, tàbí kí ó fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú omi tútù fún un gé jẹ.

Orín àti búrọ́ọ̀ṣì

Kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé ilẹ̀ wa ni eyín Yorùbá ti funfun. Àwọn àgbà a sì máa yin arẹwà pé eyín rẹ̀ fún ju owó ẹyọ lọ. Orín ata, orín ìdí àti orín àyán kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní 1971, àwọn onímọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí í ṣe Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, gbé ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé omi inú àwọn orín ilẹ̀ wa ń dí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú ti gba àwọn tí ó ní irú àṣà yìí níyànjú pé kí wọ́n má ṣe pa á tì.

Ṣùgbọ́n àléébù méjì wà nínú bí a ti ń lò ó. Àkọ́kọ́, òwúrọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń run orín, òru sì ni eyín nílò ààbò jù, nítorí pé itọ́ máa ń dín kù nígbà tí a bá sùn. Èkejì, orín kò lè fún eyín ní fúlóráìdì tí ó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń pè ní Macleans, oríṣi yòówù kí ó jẹ́. Fúlóráìdì yìí ni ó ń ran itọ́ lọ́wọ́ láti tún ibi tí omi kíkan ti yọ́ ṣe. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á: ó yẹ kí ìwọ̀n fúlóráìdì tó 1,000 ppm ó kéré tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn orín, kí ó máa run ún lọ ní òwúrọ̀; ṣùgbọ́n kí ó fi ọṣẹ ìfọyín àti búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín lálẹ́ kí ó tó sùn, kí ó má sì jẹ ohunkóhun mọ́ àfi omi.

Fún àwọn ọmọ, ètò tí a ń tẹ̀ lé ní ilé mi nìyí:

Láti ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá ti yọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́.

Bí ọmọ kò bá tí ì pé ọdún mẹ́ta, kí ọṣẹ má ṣe ju hóró ìrẹsì kan lọ. Láti ọdún mẹ́ta títí dé mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

Kí búrọ́ọ̀ṣì rọ̀, kí olúkúlùkù ní tirẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Kí fífọ̀ náà tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ dọ́gbọ́n tẹ búrọ́ọ̀ṣì sí ìdí eyín níbi tí ó ti pàdé erìgì, ẹ má ṣe há a bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.

Kí ọmọ tu ìfófòó dànù, ṣùgbọ́n kí ó má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn náà, kí ọṣẹ lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ọwọ́ ìyá tàbí baba ni kí ó máa fọ̀ ọ́ títí ọmọ yóò fi tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Ọmọ tí kò tí ì lè so okùn bàtà rẹ̀ kò lè fọ eyín ẹ̀yìn mọ́.

Ẹ má ṣe fi èédú tàbí iyanrìn ha eyín nítorí kí ó lè funfun. Ìbòrí rẹ̀ ni ẹ ń ha kúrò, kì í sì í hù padà. Bákan náà, ọmọ kò gbọdọ̀ sùn ti ìgò wàrà, ògì aládùn tàbí omi èso lẹ́nu. Bí ó bá fẹ́ ìgò ní òru, omi lásán ni kí ó wà nínú rẹ̀.

Eyín aboyún

Ọ̀pọ̀ aboyún ni erìgì wọn máa ń wú, tí ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá ń fọ eyín. Àyípadà tí oyún ń mú bá ara ni ó ń jẹ́ kí erìgì tètè bínú sí ìdọ̀tí kékeré. Àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn a pa fífọ̀ tì nítorí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí tí ó kù síbẹ̀ ni ó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́nà pẹ̀lẹ́. Àwọn kan gbà pé ọmọ inú ni ó ń mu agbára eyín ìyá rẹ̀; kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èébì òwúrọ̀ bá ń dà yín láàmú, omi ni kí ẹ fi yọ ẹnu, kí ẹ sì dúró tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, nítorí omi kíkan inú ikùn ti mú ìbòrí eyín rọ̀ ní àkókò náà.

Kò sí èèwọ̀ nínú kí aboyún lọ rí dókítà eyín. Kí ó ṣáà sọ fún un pé òun lóyún. Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí a ń rà láìgba ìwé dókítà, pàápàá tetracycline. Bí aboyún bá lò ó, tàbí bí a bá fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́jọ, ó lè sọ eyín ọmọ náà di pupa rẹ́súrẹ́sú títí láé, kò sì sí ọṣẹ tí yóò fọ̀ ọ́ kúrò.

Erìgì tí ń rùn: ẹ má ṣe fi falẹ̀

Àrùn kan wà tí à ń pè ní noma. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sì ni ó ṣáájú nínú bíbẹ̀bẹ̀ fún èyí. Ní Ṣókótó, ilé ìwòsàn kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí noma ti ba ojú wọn jẹ́. Kì í ṣe àrùn àkóràn. Ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, pàápàá èyí tí èèyi tàbí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ni ó máa ń mú jù. Láti inú erìgì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀: a wú, a ṣẹ̀jẹ̀, a rùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, a ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí kò bá rí ìtọ́jú, bíi mẹ́sàn-án ni ó ń kú. Bí a bá sì tètè dé ilé ìwòsàn, oògùn tí kò wọ́n, omi iyọ̀ tí a fi ń yọ ẹnu àti oúnjẹ gidi tó láti dá a dúró. Nítorí náà, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi fún ọmọ ní oṣù mẹ́sàn-án, kí ẹ má sì ṣe fi erìgì tí ń rùn falẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Bí ó bá ti dùn tán ńkọ́?

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a po iyọ̀ díẹ̀ sí yọ ẹnu, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kànáfùrù lè mú ìrora àgbàlagbà rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò. Ẹ má ṣe fi omi bátìrì tàbí bẹntiróòlù sí i gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe; wọ́n ń jó erìgì àti ọ̀fun. Ẹ má ṣe ki aspirin bọ ihò eyín pẹ̀lú, nítorí ó ń bó ẹran ẹnu. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tí ibà sì bá a rìn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Àwọn ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, ó sì wà ní LASUTH ní Ìkẹjà. Ẹ sì bèèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín kí ẹ tó kọjá afárá. Kí ó tó di ọ̀ràn ìrora pàápàá, ó yẹ kí dókítà ti rí ẹnu ọmọ nígbà tí ó bá pé ọdún kan.

Bí ọmọ bá ṣubú tí eyín àgbà rẹ̀ sì yọ jáde tòun ti gbòǹgbò, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹ mú un ní ibi funfun, kì í ṣe ní gbòǹgbò. Ẹ má ṣe há a. Ẹ gbé e sínú wàrà olómi, kí ẹ sáré dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín wákàtí kan. Ó ṣeé ṣe kí ó tún un tì bọ ojú rẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ wa nísinsìnyí

A kò lè sọ títì Lekki di títì òfìfo, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ohun tí a ń kó sínú ọkọ̀ wà. Ní ilé wa, àwọn ọmọ ń jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ lórí àga, bí ó tilẹ̀ jẹ́ mọ́ínmọ́ín àná tí a gbé kaná ni, wọn a sì fọ eyín kí a tó jáde. Omi lásán ni ó wà nínú ìgò wọn. Fún ọ̀nà ìrọ̀lẹ́, mo máa ń di ẹ̀pà, ẹyin sísè, àgbọn tútù tí ó pọ̀ ní etí òkun wa, kùkúńbà tàbí ọsàn tí a jẹ tòun ti ẹran rẹ̀. Nínú ọbẹ̀, mo ń fi edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun sí i, nítorí wọ́n ń fún egungun àti eyín ní agbára. Midinmíìdìn kò di èèwọ̀: ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lẹ́ẹ̀kan, a parí rẹ̀. Sóbò tí a sè nílé pàápàá, a kì í mu ún ní àmugbọ̀n ọjọ́. Ó kan fúnra rẹ̀ kí a tó fi ṣúgà sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le. Ẹkún pọ̀ nínú ọkọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀wọ́ ara mi ní ìgbà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Àbúrò ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún báyìí. Ní àná, mo gbé ètè rẹ̀ sókè ní ojú fèrèsé, mo ka eyín rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì: ogún ni, kò sí èyí tí ó lábàwọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì wá, ó ń wò, ó sì bi mí bóyá eyín tòun tí a yọ yóò padà hù. Mo ní yóò hù. Mo sì sọ fún un pé èyí tí yóò hù yẹn ni ìkẹyìn, pé èmi àti òun ni a óò jọ máa ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin abiyamọ, kí a tó pa iná lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kí á ka iye ìgbà tí ohun dídùn wọ ẹnu àwọn ọmọ wa. Ibi tí ìtọ́jú eyín ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.